Aago Bánkẹ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi

Òjòwú ni mí. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí tètè mọ̀ ọ́n, kó má baà jẹ́ pé àánú mi nìkan ni yóò máa ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ ọn ní Ìkọ̀yà. Bí ìyá mi bá pọn ọmọ aládùúgbò, ẹkún ni màá fi bọnu, n ó sì máa fa ìró lára rẹ̀ títí yóò fi sọ ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀. Àwọn àgbà ní bí mo bá dàgbà, yóò fi mí sílẹ̀. Kò fi mí sílẹ̀. Ó bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó bá mi dé Ítálì, nígbà tí gbogbo ohun mìíràn tí mo mú kúrò nílé sì ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, òun ṣì wà pẹ̀lú mi.

Obìnrin kan tí à ń pè ní Àǹtí ló mú mi lọ. Ó ní iṣẹ́ irun dídì ni, mo sì gbà á gbọ́, torí mo mọ irun dì dáadáa. Iṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ irun. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó máa dúpẹ́. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin kan máa ń gbé mọ́tò funfun wá bá wa lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á fún wa ní tíì gbígbóná, wọ́n á béèrè bóyá ara wa le. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo wọ inú mọ́tò náà lọ mu tíì, mo sì kọ̀, n kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn, awakọ̀ sì wa ọkọ̀ lọ.

Bí mo ṣe dé ilé Síńyọ́rà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Síńyọ́rà, ìyẹn ìyáàfin lédè wọn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kì í jókòó. Òun àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ni mọ́tò funfun yẹn ló dá ilé náà sílẹ̀ fún irú àwa ọmọbìnrin tí wọ́n kó wá tà. Márùn-ún ni wá nígbà tí mo dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò béèrè orúkọ Àǹtí lọ́wọ́ mi, kò béèrè ohun tí ojú mi rí. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ fún mi, lẹ́yìn náà ló wá fi kọ́kọ́rọ́ kan lé mi lọ́wọ́. Yàrá mi ni kọ́kọ́rọ́ náà wà fún. Ní ilé Àǹtí, ìta ni wọ́n ti máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí i, mo tún un tì, mo tún un ṣí, títí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi kan ògiri pé ṣé kò sí nǹkan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ pọ̀. Mo fọ ṣòkòtò, mo sá a síta, nígbà tí n ó fi padà dé ibẹ̀, ó ti gan bíi pánla. Mo rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń dá gbé ilé, tí ajá ń bá wọn jẹun. Mo kí ọkùnrin arúgbó kan lójú pópó, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé, ó rò pé mo fẹ́ ṣubú, ó sì fà mí dìde. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi rẹ́rìn-ín ìyẹn nìkan, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí yóò yé.

Òfin ilé ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan lè tẹ aago sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, orúkọ wa sì wà lórí ìwé tí Síńyọ́rà lẹ̀ mọ́ ara ògiri lókè rẹ̀. Kò sí tẹlifóònù ní ilé wa ní Ìkọ̀yà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo há sórí ni ti Tíṣà, ará Èkìtì kan tó ń kọ́ni ní Òkìtìpupa, tí ìyá mi máa ń gbé epo pupa lọ tà fún ìyàwó rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi ránṣẹ́ sí Ìyé. Ìyé ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ wá. Ẹkún la fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà sun. Ọ̀sẹ̀ kejì, kì í ṣe òun ló gbé e. Àbúrò bàbá mi ni, ẹni tó di olórí ilé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó ní àwọn èèyàn Àǹtí ti wá sí Ìkọ̀yà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní bí n kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn yóò fi ojú ìyá mi rí nǹkan. Ó ní kí n má pe ibẹ̀ mọ́. Mo béèrè pé kí ni Ìyé wí sí i.

"Òun náà ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ," ó dáhùn, ó sì gbé e sílẹ̀.

N kò pè mọ́. Mo ní kí Síńyọ́rà fi bírò fagi lé orúkọ mi lórí ìwé ara ògiri. Ó wò mí, ó fagi lé e. Nígbà tí lọ́yà ẹgbẹ́ náà dé, tó fẹ́ kí n sọ orúkọ Àǹtí fún ọlọ́pàá kí wọ́n lè mú un, kí n sì gba ìwé ìgbélùú, mo wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè kankan. Ta ni mo ń torí rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti ní kó má pe òun mọ́, mi ò mọ ibi tó tún kù tó lè pè ní ilé.

Ìgbà òtútù ni Bánkẹ́ dé, òun àti àpò ọ̀rá kan. Mo wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́ tó fi ẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn, tó ní "Yéè, Ìyé mi o," mo sì sáré jáde tèmi ti ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọmọ Akotogbo ni, ìlú tí kò jìnnà sí tiwa. Èmi rèé láti Ìkọ̀yà. Ẹni tí mi ò bá mọ̀ rí bí a bá wà nílé, ó wá di ọmọ ìyá fún mi lọ́jọ́ yẹn. Síńyọ́rà fi í sí yàrá mi. A sọ̀rọ̀ títí ẹnu ro wá. A ka gbogbo oúnjẹ tí a fẹ́ jẹ, púpurú ló sì ṣáájú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ti ọ̀dọ̀ wa wá kì í mọ adùn rẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ó ní òun ò ní nọ́ńbà kankan nílé, èmi fúnra mi ni mo kọ ti Tíṣà fún un. Mo ní ìyá rẹ̀ lè wọ ọkọ̀ láti Akotogbo wá sí Òkìtìpupa, ìyàwó Tíṣà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wo ìwé náà pẹ́ kó tó ká a sápò.

Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ní yàrá, mo gbọ́ tó ní "Ìyé" sínú ẹ̀rọ.  Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Owú kò jẹ́ kí n bi ara mi léèrè ta ló ti bá a ránṣẹ́ sí Akotogbo. Mo dìde, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwo ojú rẹ̀, mo wọ ilé ìdáná, mo kó gbogbo ìkòkò sínú agbada ìfọwọ́, mo sì ṣí omi dé ibi tó lè ṣí dé, kí n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn, fún bí oṣù márùn-ún. Síńyọ́rà ń yìn mí pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn ìkòkò fífọ̀ tó mi.

Kì í ṣe ìlara. Ẹni tó bá ń ṣe ìlara fẹ́ kí tẹnìkejì bàjẹ́ ni. Èmi kò fẹ́ kí ìyá Bánkẹ́ kú, mo kàn fẹ́ kí ó dákẹ́. Mo fẹ́ kí ó gbàgbé ọjọ́ Ìsinmi kan péré, kí Bánkẹ́ dúró ti ẹ̀rọ kó sì rí bó ṣe ń rí.

Gbogbo nǹkan rẹ̀ wá ń dùn mí. Ó gbọ́ èdè wọn kíákíá jù mí lọ. Ó sọ tẹnu rẹ̀ fún lọ́yà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́, Síńyọ́rà sì bọ́ ìborùn onírun tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi wé e lọ́rùn. Èmi náà ní tèmi o. Wọ́n ti gbà mí sí ilé ìfọṣọ kan, mo ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá sì ti fi mí ṣe ẹni tó ń kọ́ àwọn tuntun. Lọ́jọ́ kan obìnrin òyìnbó kan béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi ní ibùdó bọ́ọ̀sì, mo fi èdè wọn júwe rẹ̀, ó sì lọ, kò ṣìnà. Mo dúró síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì tèmi fi kọjá. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ tí èèyàn kò rí ẹni rò ó fún kì í pẹ́ tutù. Mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ Bánkẹ́ ni, ìyá rẹ̀ yóò ti gbọ́ kó tó di ọjọ́ Ìsinmi kejì.

Mo ti ń ronú àtikúrò nílé náà. Mo ti di ẹrù díẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ibi tí mo ń lọ, mi ò mọ̀, àfi pé Àǹtí ṣì wà nílùú, mo sì mọ ilé rẹ̀. Ẹ rí i bí owú ti ń ba orí èèyàn jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà fẹ́ lọ sí Nàìjíríà láti lọ wo àwọn ẹbí wa, bóyá wọ́n ṣì ń halẹ̀ mọ́ wọn. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ kí òun dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ní kó má dé tèmi. Bánkẹ́ ní kó lọ sí ilé Tíṣà lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá òun yóò wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin yìí padà. Èmi nìkan ló bá nílé, Bánkẹ́ wà ní kíláàsì. Ó gbé àpò kan lé tábìlì ilé ìdáná, ó ní kí n bá òun fún Bánkẹ́, ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, obìnrin tó dára gan-an ni, ó dì mọ́ òun kò fẹ́ jẹ́ kí òun lọ. Ó mu kọfí, ó lọ.

Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó tú u. Púpurú ni. Òórùn èéfín ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé wa gba gbogbo ilé Síńyọ́rà. Rọ̀bọ̀tọ̀ mẹ́fà ni, ó dúdú láti òkè délẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Mo rò ó pé mẹ́fà pọ̀ jù fún ẹnì kan. Mo rò ó pé ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò tún yẹ kó jẹ púpurú lé e. Mo mú ọ̀bẹ, mo mú ọ̀kan. Olè ni mo fẹ́ jà, mi ò ní purọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ha dúdú ara rẹ̀ sínú abọ́, mo yí i padà kí n ha ìdí rẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ṣe é, kó jẹ́ kí n sọ. Bí a bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ títí ó fi rọ̀, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a mọ ọ́n rọ̀bọ̀tọ̀, orí àjà ni à ń tò ó sí kí iná àti èéfín ìsàlẹ̀ gbẹ ẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń lo àjà kan ní agbo ilé wa. Bí púpurú bá ti dúdú tán, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà kálukú ti máa ń fi àmì sí ìdí tirẹ̀ láti ìgbà tó ṣì tutù. Ẹnì kan á fi ṣíbí fa ilà, ẹnì kan á fi èèkánná họ ọ́. Ìyá mi, ìka mẹ́ta ló máa ń tẹ̀ ẹ́. Àdá ti gé orí ìka àárín rẹ̀ níbi tó ti ń la ìdì ẹyìn, èmi sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fi aṣọ ilé ìwé mi di í. Nítorí náà ihò méjì ẹ̀gbẹ́ máa ń jìn, ti àárín á sì rí pẹlẹbẹ.

Mo wo ìdí púpurú ọwọ́ mi. Ihò méjì jìn, ti àárín pẹlẹbẹ. Mo yí márùn-ún yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Mo ti àwọn ìka mi bọ inú ihò náà, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí Bánkẹ́ fi wọlé.

Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi rí ohun tó wà lórí tábìlì.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi?" mo bi í.

Ó fa àga, ó jókòó tòun ti kóòtù lọ́rùn.

"Ìyé rẹ ni," ó ní.

Ó sọ ọ́ fún mi láìgbé ojú sókè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó tẹ aago, òun kò mọ ẹni tí òun fẹ́ pè. Ó kàn fẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan sọ èdè wa lódì kejì ni. Ìyá mi ló gbé e. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tí mo ti dákẹ́ ló ti ń wọ ọkọ̀ wá láti Ìkọ̀yà, tó ń jókòó ti ẹ̀rọ Tíṣà, bóyá n ó pè. Ẹ̀rọ Tíṣà kò lè pe òkè òkun, kò sí bó ṣe lè wá mi. Kò sọ fún àbúrò bàbá mi pé kí n má pè. Àbúrò bàbá mi ló bẹ̀rù, tó dá ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ó ti ní 'ọma mi' kí n tó yanu," Bánkẹ́ wí. "Mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́, ẹnu mi kọ̀. Ìyé tèmi ló fà mí lé àwọn tó kó mi wá lọ́wọ́. Ta ni mo fẹ́ pè ní Akotogbo?"

Mo ní kí ló wá sọ fún un nípa mi. Ó ní nígbà tó yá òun sọ pé Bánkẹ́ ni òun, pé yàrá kan náà ni a ń gbé, pé ara mi le, pé iṣẹ́ ni mo máa ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Ìyé ń ní kó kí mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló sì ń gbé ìkíni náà mì.

"O ní ìyé, o sì jókòó ní yàrá o ń bínú. Mo jowú rẹ débi pé n kò lè wò ọ́ lójú."

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Mi ò mọ ohun tó dá a dúró. Mo kó púpurú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo wọ yàrá, mo fi kọ́kọ́rọ́ tí Síńyọ́rà fún mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, orí àga pálọ̀ ló sì sùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Irọ́ tó pa dùn mí, àmọ́ kì í ṣe òun ló dùn mí jù. Ẹ̀rín yẹn ni. Gbogbo ẹ̀rín tí mo fi omi ẹ̀rọ bò mọ́lẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ìyá mi ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ pé mo dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tú ẹrù tó wà lábẹ́ ibùsùn, mo sì ní kí Síńyọ́rà bá mi pe lọ́yà, mo ti ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, mo rí i pé wọ́n ti tún orúkọ mi kọ sórí ìwé ara ògiri. Orúkọ Bánkẹ́ ni wọ́n fagi lé. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Síńyọ́rà.

Mo tẹ aago. Ìyàwó Tíṣà gbé e, ó pe ẹnì kan, mo gbọ́ ìró àga.

"Ọma mi, Bánkẹ́," ìyá mi wí.

Ó gún mi, bí mo ti ń kọ ọ́ yìí ó ṣì ń gún mi.

"Èmi ni, Ìyé."

 Ó pe oríkì mi, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń pè é láyé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ròyìn ilé ìfọṣọ fún un, mo ròyìn obìnrin tó béèrè ọ̀nà, mo ròyìn bàbá arúgbó tó fà mí dìde, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó béèrè bóyá púpurú dé ọwọ́ mi. Mo ní ó dé, mo rí ìka rẹ̀.

"Mo ní o ó mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọma mi kejì dà? Pè é ghá, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Bánkẹ́ wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú ìborùn onírun Síńyọ́rà lọ́rùn, ó ń wò mí.

"Ó lọ síbi iṣẹ́, Ìyé," mo wí.

Ó gbọ́ mi.  Ó yí padà, ó wọ ilé ìdáná, mo sì gbọ́ tó ṣí omi, tó ṣí i dé ibi tó lè ṣí dé. Kò sí ìkòkò kankan níbẹ̀. Èmi ni mo fọ gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìyá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ létí mi. Owú náà kò kúrò lọ́kàn mi, n kò ní purọ́ pé ó kúrò. Mo ní kí Ìyé jọ̀wọ́ dúró díẹ̀. Mo rọra gbé ẹ̀rọ lélẹ̀ láìpa á, mo wọ ilé ìdáná, mo sì ti omi náà pa.